Àwo Ẹ̀gẹ́

Ní oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí oòrùn Ìlọrin
ń yan òrùlé páànù bí ẹni ń yan àgbàdo,
mo gbé àwo méjì sójú fèrèsé yàrá ìwádìí wa ní Tankẹ́:
ọ̀kan jẹ́ sítáàṣì lásán,
ọ̀kan ní fọ́nrán ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú.
Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì,
àkọ́kọ́ ti ká kò bí ewé tí kò rómi mu.
Èkejì dúró. Ó kàn làágùn díẹ̀ ni.

Ìyá ìyá mi ní Ìgbàjà ló fi ẹ̀gẹ́ náà ṣiṣẹ́.
Ó rin ín, ó sẹ́ ẹ, ó jẹ́ kó tòrò,
ó da omi orí rẹ̀ nù, ó sá funfun ìsàlẹ̀ sórí àpáta.
Ó rò pé aṣọ ni mo fẹ́ lọ̀.
"Sídí, aṣọ mélòó lo ní
tó o fi ń gba odindi àpò sítáàṣì?"
Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́:
"Ẹ ti ro ẹ̀kọ tán, ẹ wá ní kò gbọdọ̀ ṣeé jẹ."

Kò parọ́.
Iná ló ń sọ ìyẹ̀fun di ohun kan ṣoṣo,
iná náà ló sì ń tú u ká.
Ààlà àárín méjèèjì ni mò ń wá kiri.

A ní ẹ̀rọ kan tó ń wọn nǹkan bó ṣe ń jóná.
O ó fi èérún kan sí i, tí kò tó èékánná ọmọ jòjòló,
o ó máa mú ooru gòkè díẹ̀díẹ̀,
o ó máa wo bí ìwọ̀n rẹ̀ ṣe ń dín.
Omi ló kọ́kọ́ ń jáde, láìdágbére.
Lẹ́yìn náà ìlà á tẹ́ pẹrẹsẹ
bí ọ̀nà Àjàṣẹ́ lóru.
Bó bá ku díẹ̀ kó pé ọ̀ọ́dúnrún dígírì,
sítáàṣì á já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà
bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.
Fọ́nrán ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì ń dì í mú,
bí àbúrò tó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láṣọ mú lẹ́nu ọ̀nà.
Ó pẹ́ díẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀.
Dúdú tó ṣẹ́kù, èémí mi lè gbé e lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni iná ìjọba lọ lórí èérún kan.
Ìlà náà já sí igba ó lé mẹ́wàá,
Ọ̀gá Àtàndá sì bọ́ awò ojú rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ìdírísù tó ń ṣọ́ géètì ní èwo ni ti ìlà.
Ó bu kókó gbígbóná sínú àwo wa.
Ó mu ún dé ìdajì kí ìsàlẹ̀ tó rọ̀,
ìyókù bọ́ sórí bàtà rẹ̀.
"Ẹ padà sínú ilé," ó wí.
A padà. A fi fọ́nrán kún un.
Ó pọ̀ jù, àwo gan, ó sán lọ́wọ́ wa.
A tún dín in kù.

Lábẹ́ afárá Odò Àṣà, ọ̀rá omi kan há sára òkúta.
Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá wọlé
nígbà tí mo ṣì wà ní pírámárì.
Àwòrán ẹyẹ orí rẹ̀ kò tíì ṣí.

Ní Ìgbàjà, mo ri àwo mẹ́ta mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná,
mo fi igi sàmì sí i.
Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọjọ́, mo hú u:
fọ́nrán díẹ̀ ló kù, bí irun àgbà lára ìyarun.
Ẹ̀kẹrin, tí mo gbàgbé sórí àpáta,
ewúrẹ́ Ìyá ti jẹ ẹ́. Kò bèèrè dígírì kankan.
Ìyá na ìka sí i, ó ń fi ìpàkọ́ rẹ́rìn-ín:
"Ṣé o rí i? Ẹ̀kọ ni."